Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Sérbíà Lórí Ìwé Ìròyìn Evropljanin

Ẹ̀yin Ọlọ́lá,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó lè yà yín lẹ́nu pé ẹni tó ń fi èdè Yorùbá kọ ìròyìn ní Ìbàdàn ló ń kọ̀wé sí ilé aṣòfin tó wà ní Belgrade, lórí ìwé ìròyìn kan tó ti kógbá sílé láti ohun tó lé ní ọdún 25. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé iwájú yín kò pẹ̀ka rárá. Ilé yín ló ṣe òfin tí wọ́n fi pa Evropljanin, ọjọ́ tí wọ́n sì fọwọ́ sí òfin náà jẹ́ ọjọ́ kejì ọjọ́ tó wà lára ẹ̀dà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a lẹ́jọ́. Òfin náà fi ọjọ́ kan kéré sí ohun tó wá jẹ níyà. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn èyí, àlàyé gbólóhùn yìí ni.

Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn ìwé ìròyìn yìí, ibi ikú ẹni tó ni ín ni wọ́n máa ń gbà wọlé. Wọn a sọ pé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1999, tó jẹ́ ọjọ́ Àjíǹde fún àwọn ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, nígbà tí bọ́ǹbù NATO ń dún lórí Belgrade, wọ́n yìnbọn pa Slavko Ćuruvija lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní òpópónà Svetogorska, níṣojú Branka Prpa, onímọ̀ ìtàn tí wọ́n jọ ń gbé, tí àwọn apànìyàn náà sì la ìbọn mọ́ lórí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà pé ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí pé ìbọn a máa dún ju bébà lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ̀yin aṣòfin ti ráàyè yọ́ jáde nínú ìtàn náà. Ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ nìkan ni gbogbo ènìyàn yóò máa wò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ku bí oṣù mẹ́fà kí ìbọn tó dún nígbà tí ìwé ìròyìn ọ̀hún ti gba ọgbẹ́ tí kò jinná mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Ćuruvija jẹ́, nítorí pé ikú ti sọ ọ́ di ẹni mímọ́, kò sì fi ìgbà kan pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Zagreb ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1949, nínú ẹbí Serb. Ó kàwé nípa ìmọ̀ òṣèlú ní Belgrade, ó sì fi ìgbà kan ṣiṣẹ́ fún ìjọba kó tó dara pọ̀ mọ́ ìwé ìròyìn Borba, níbi tó ti di olóòtú àgbà. Nígbà tí ìjọba gba Borba mọ́ àwọn akọ̀ròyìn rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìparí ọdún 1994, ó wá ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọdún 1996 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Nedeljni telegraf jáde, lẹ́yìn náà ni Dnevni telegraf, ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti aládàáni ní Sérbíà láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kì í ṣe ìwé ìròyìn olójú títì. Ìròyìn ọ̀daràn àti òfófó ààfin wà nínú rẹ̀ dáadáa, ẹni tó ni ín sì mọ ọ̀nà ilé àwọn alágbára, débi pé fún ìgbà pípẹ́ ó máa ń bá Mirjana Marković, ìyàwó Slobodan Milošević tó ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè náà nígbà náà, sọ̀rọ̀ ní ojúkojú; obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú JUL, ìyẹn ẹgbẹ́ Apá Òsì Yugoslavia. Àjọṣe yẹn ló fọ́ ní ọdún 1998. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé nítorí ìwà mímọ́ ẹnì kan ni mo ṣe ń kọ̀wé. Òfin kì í béèrè bóyá ẹni rere ni ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ọdún 1998 yẹn náà ni ó dá Evropljanin sílẹ̀, ìwé ìròyìn olójú-ìwé púpọ̀ tó ń jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, pẹ̀lú Dragan Bujošević gẹ́gẹ́ bí olóòtú àgbà. Níbi tí Dnevni telegraf ti ń sáré lé ìròyìn ọjọ́, Evropljanin a máa jókòó ti ọ̀rọ̀, a máa tú u wò. Ọdún tó yàn láti bẹ̀rẹ̀ kò dára. Ogun ti gbóná ní Kosovo, agbègbè kan tó wà lábẹ́ Sérbíà nígbà náà. Ní oṣù Kẹta ni Mirko Marjanović gbé ìjọba kan kalẹ̀ tí ẹgbẹ́ Sósíálísì ti Milošević, JUL, àti ẹgbẹ́ Rádíkà ti Vojislav Šešelj jọ wà nínú rẹ̀. Aleksandar Vučić, ọmọ ọdún 28, ọmọ ẹgbẹ́ Rádíkà nígbà náà, ni wọ́n fi ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìròyìn. Ní oṣù Karùn-ún, òfin tuntun gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn yunifásítì. Nígbà tí NATO ń halẹ̀ ìjù-bọ́ǹbù, ìjọba ṣe àṣẹ pàjáwìrì ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ti Dnevni telegraf, Danas àti Naša borba pa.

Àárín ìdààmú yìí ni Evropljanin ti ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá gbé lẹ́tà ṣíṣí kan jáde sí Milošević fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló tún kù. Ćuruvija àti Aleksandar Tijanić ló fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá ìṣàkóso rẹ̀ ni wọ́n kà sí i létí, ohun tí ó ti sọ orílẹ̀-èdè náà dà àti ibi tí ó ń darí rẹ̀ lọ. Tijanić kì í ṣe àjèjì sí ìjọba náà o: òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ mínísítà ìròyìn fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1996 kó tó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn méjèèjì tó kọ lẹ́tà yẹn mọ inú ilé tí wọ́n ń bá onílé sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, mo sì gbà pé èyí wà lára ohun tó mú kí ìbínú onílé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, ilé yín fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ ìròyìn. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn a máa dárúkọ rẹ̀ láìsọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ka á léèwọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ rédíò inú ilé láti máa gba ètò tí BBC, Voice of America àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe ní èdè Serb sórí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìgbẹ́jọ́ tó là sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn ló burú jù. Ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́, ló lè mú ẹ̀sùn wá. Ẹ̀sùn náà kò ní dé iwájú ilé-ẹjọ́ gidi. Ọ̀dọ̀ adájọ́ tó ń gbọ́ àwọn ẹ̀sùn pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, irú èyí tó ń bu owó ìtanràn fún awakọ̀ tó rú òfin ojú pópó, ni yóò lọ. Adájọ́ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kíákíá, láàrin ọjọ́ kan, kò sì sí àyè fún agbẹjọ́rò láti múra. Kì í ṣe olùfisùn ni yóò fi hàn pé irọ́ ni wọ́n kọ. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni yóò fi hàn pé òótọ́ lòun kọ. Iye tí wọ́n lè bù fún iléeṣẹ́ tó tẹ ìwé ìròyìn jáde bẹ̀rẹ̀ láti 400,000 dínárì lọ sókè dé 800,000, olóòtú àti olùdarí sì ní tiwọn lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ti dájọ́, sísan dé lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yóò kọ́kọ́ sanwó ná, bí kò bá sì rí i san, wọn yóò wá kó ẹrù rẹ̀. Òfin yìí kò nílò láti fi akọ̀ròyìn kankan sẹ́wọ̀n. Owó ló fi ń fún ìwé ìròyìn lọ́rùn.

Ẹgbẹ́ kan tó pe ara rẹ̀ ní ti àwọn olùfẹ́ orílẹ̀-èdè ló mú ẹ̀sùn wá sórí Evropljanin. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ni wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì dá a láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìdájọ́ náà ni pé iléeṣẹ́ tó tẹ ìwé ìròyìn náà jáde, Ćuruvija, Bujošević àti olùdarí iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ san mílíọ̀nù 2.4 dínárì lápapọ̀, tó jẹ́ bí 240,000 dọ́là ní iye tí ìjọba ń pààrọ̀ owó nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá kó dúkìá iléeṣẹ́ náà lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún àwọn ọjọ́ náà kà: ọjọ́ 19 ni ìwé ìròyìn, ọjọ́ 20 ni òfin, ọjọ́ 23 ni ìdájọ́. N kì í ṣe amòfin, ṣùgbọ́n kò sí ìran ènìyàn tí kò mọ̀ pé a kì í fi àṣẹ tí a pa lónìí mú ẹni tó kọjá lánàá. Ẹni tó ka òfin tó sì rú u, ó mọ ohun tó ń ṣe. Báwo ni Ćuruvija ì bá ti ṣe ka òfin tí ẹ kò tíì dìbò lé lórí?

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan máa ń sọ láti fi gbèjà ilé yín, pé ewu ogun ló fà á. Ewu wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ni Milošević àti Richard Holbrooke, aṣojú Amẹ́ríkà, ti jọ ṣe àdéhùn lórí Kosovo, wọ́n sì ti kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́yìn àdéhùn yẹn ni ẹ ṣe òfin. Àwọn mìíràn a ní àwọn ìwé ìròyìn alátakò kan ṣáà la òfin náà já, wọn a sì tọ́ka sí Vreme, tí àwọn akọ̀ròyìn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990 tó sì ṣì ń jáde dòní. Inú mi dùn pé Vreme yè. Àmọ́ pé ẹnì kan la ọ̀gbàrá já kò sọ ọ̀gbàrá di omi ẹ̀rọ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e yára kánkán. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1998, wọ́n tún bu mílíọ̀nù 1.2 dínárì lé Dnevni telegraf lórí nítorí pé ó gbé ìpolówó Otpor jáde, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ẹ̀ṣẹ́ dídì ṣe àmì. Ćuruvija kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Montenegro, ó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì ń gba ẹ̀dà ìwé ìròyìn rẹ̀ bí ó bá ti ń wọ Sérbíà. Ní oṣù Kejìlá ó lọ sọ ọ̀rọ̀ náà níwájú ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington. Ní oṣù Kẹta ọdún 1999, ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù márùn-ún fún òun àti méjì nínú àwọn akọ̀ròyìn rẹ̀ lórí ìròyìn tí wọ́n kọ nípa igbákejì olórí ìjọba kan. Nígbà tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù náà, tí ìjọba sì ní òun yóò máa yẹ ìwé ìròyìn wò kó tó jáde, ó dá iṣẹ́ dúró pátápátá, nítorí pé kò fẹ́ tẹ ohun tí ẹlòmíràn ti fọwọ́ sí. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ni Politika ekspres gbé ọ̀rọ̀ kan jáde tó fi í hàn bí ọ̀dàlẹ̀ tí inú rẹ̀ ń dùn sí bọ́ǹbù, tẹlifíṣọ̀n ìjọba sì kà á sétí gbogbo ìlú. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á. Àkọsílẹ̀ àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó jáde lẹ́yìn ìṣubú Milošević fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń tẹ̀ lé e káàkiri ìlú ní ọjọ́ náà gan-an, wọ́n sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ní kété kí ìbọn tó dún.

Kí ló kan Yorùbá nínú èyí? Ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá kì í ṣe ọjọ́ lásán fún àwa akọ̀ròyìn Nàìjíríà: ọjọ́ yẹn ní ọdún 1986 ni lẹ́tà alábọ́ǹbù pa Dele Giwa, olóòtú àgbà Newswatch, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà, a kò sì tíì rí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ikú rẹ̀. Ní ọdún 1987, ìjọba ológun Ibrahim Babangida ṣe òfin kan tó dárúkọ Newswatch ní tààrà, wọ́n sì fi ti í pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà a mọ òfin àti bọ́ǹbù pọ̀, a sì mọ èyí tí aráyé tètè ń gbàgbé nínú méjèèjì. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn, n kò sì fẹ́ fa ọ̀rọ̀ wa wọ inú tiyín ju báyìí lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ lè sọ pé ilé-ẹjọ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ćuruvija. Ó gbọ́ ọ lóòótọ́, ó sì gbọ́ ọ pẹ́. Ọdún 2013 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti wádìí ikú àwọn akọ̀ròyìn, lábẹ́ Veran Matić tó wà ní iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n B92. Ní ọdún 2015 ni ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Radomir Marković, tó jẹ́ olórí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nígbà ìpànìyàn náà, àti àwọn mẹ́ta mìíràn láti inú àjọ ọ̀hún, Milan Radonjić, Ratko Romić àti Miroslav Kurak, tí ọwọ́ kò bá. Wọ́n dá wọn lẹ́bi ní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e ní ọdún 2020. Wọ́n tún dá wọn lẹ́bi ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ẹ̀wọ̀n ọgbọ̀n ọdún fún ẹni méjì, ogún ọdún fún ẹni méjì. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kéde pé òun ti dá gbogbo wọn sílẹ̀ pé wọn kò jẹ̀bi. N kò ní bá àwọn adájọ́ fa ìdájọ́ wọn nínú lẹ́tà yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹjọ́ ìbọn nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ẹjọ́ òfin kò sí lára rẹ̀, kò sì lè sí lára rẹ̀, nítorí pé kò sí adájọ́ tó lè pe ilé aṣòfin lẹ́jọ́ pé ó dìbò.

Òfin náà ti kúrò nílẹ̀ láti ọdún 2001, lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú ti wọ ilé tí ẹ ń jókòó sí báyìí, tó jẹ́ ti ilé aṣòfin àpapọ̀ Yugoslavia nígbà náà, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2000, tí iná sì jó apá kan rẹ̀. Ṣùgbọ́n fífagi lé òfin, ọjọ́ iwájú ló ń tún ṣe. Kò sọ nǹkankan nípa ẹni tí òfin náà ti jẹ́ níyà. Tótó ó ṣe bí òwe, àwọn àgbà wa ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí Milošević dá sílẹ̀ kò kúrò nínú ilé yín. Ẹni tó jẹ́ mínísítà ìròyìn ní ọjọ́ náà ni ààrẹ orílẹ̀-èdè yín lónìí. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó jókòó báyìí kò tíì tó ìbò dì ní ọdún 1998, n kò sì ní ka ìbò àwọn tó ṣáájú yín sí yín lọ́rùn. Ilé ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ilé kì í kú bí ènìyàn, gbèsè rẹ̀ kì í sì bá olùgbé rẹ̀ jáde.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ jókòó ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá tó ń bọ̀, kí ẹ fi ìpinnu tí ẹ dìbò sí kéde pé ìdájọ́ tí wọ́n fi òfin yẹn ṣe fún Evropljanin kò tọ́, ẹ̀ṣẹ̀ kan kò sì sí nínú lẹ́tà tí ìwé ìròyìn náà tẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ kan náà, ẹ gbé àkọsílẹ̀ ìjókòó ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1998 síbi tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ní Sérbíà ti lè rí i kà, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ àti ọ̀nà tó gbà dìbò. Lẹ́yìn náà, kí ìgbìmọ̀ yín tó ń rí sí ètò ìnáwó ṣí ìwé ìṣirò owó ọdún 1998 àti 1999, kí ó sì sọ fún gbogbo ènìyàn iye tí ìjọba gbà nínú mílíọ̀nù 2.4 dínárì yẹn, ohun tí wọ́n kó ní iléeṣẹ́ náà, ẹni tí wọ́n tà á fún, àti iye tí wọ́n tà á. Bí wọ́n bá ti dá nǹkankan padà, kí wọ́n sọ iye rẹ̀ àti ẹni tó gbà á. Bí ó bá ku ohunkóhun nílẹ̀, kí wọ́n san án fún àwọn àjogún Ćuruvija àti àwọn mìíràn tí ìdájọ́ náà kàn, ní iye tí dínárì ọjọ́ yẹn tó lónìí.

Èmi ni, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

Akọ̀ròyìn kan láti Ìbàdàn